Wáàtì kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ o: bí iná gílóòbù ṣe ń jẹ unit yín gan-an

Tí èèyàn bá lọ ra gílóòbù lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á máa béèrè ni pé "wáàtì mélòó?", oníbàárà á ní "fún mi ní 60" tàbí "èyí tó máa mọ́lẹ̀ dáadáa ni mo fẹ́, mú 100 wá", tí wọ́n bá wá na 9 wáàtì sí i, á ní rárá o, ìyẹn ti kéré jù, kí lèyí fẹ́ tàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń béèrè yàtọ̀ sí ohun tó ń wá. Wáàtì ò sọ bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí gílóòbù yẹn ṣe ń jẹ iná tó ni wáàtì ń sọ. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ìrẹsì ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò, tó wá lọ ń ka igi tí wọ́n fi dáná.

Èyí tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń pè ní lumen, ó sábà máa ń wà lára páálí, wọ́n á kọ nọ́ńbà kan, wọ́n á wá fi "lm" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àmọ́ lẹ́tà kóńkóló ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, ojú ẹlòmíì ò lè rí i rárá. Mi ò dá àwọn tó ń ka wáàtì lẹ́bi o, nígbà tó jẹ́ gílóòbù àtijọ́ nìkan ló wà lọ́jà, wáàtì àti ìmọ́lẹ̀ jọ ń rìn ni, 100 mọ́lẹ̀ ju 60 lọ, 60 mọ́lẹ̀ ju 40 lọ, kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Ìgbà tí energy saver dé, tí LED tún tẹ̀lé e, ni àwọn méjèèjì pínyà, ẹnu wa ni ò tíì kúrò nídìí ti àtijọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì ń mú nǹkan bí 800 lumen wá. Energy saver, èyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ yẹn, á mú 800 lumen kan náà wá pẹ̀lú 13 sí 15 wáàtì. LED tó bá dáa á mú un wá pẹ̀lú 8 sí 10 wáàtì péré. Ojú yín ò ní mọ ìyàtọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, mítà yín nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń lo 100 wáàtì tẹ́lẹ̀, 1,600 lumen ló yẹ kó máa wá lọ́jà, kó gbàgbé wáàtì ná.

Kí ló wá fà á tí ti àtijọ́ fi ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀? Ooru ni. Wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi tungsten ṣe ló wà nínú ẹ̀, iná á gba ibẹ̀ kọjá, wáyà yẹn á gbóná ju 2,000 dígírì sẹ́ńtígíréèdì lọ, á pọ́n yòò, ìmọ́lẹ̀ á wá jáde níbẹ̀ bí ẹni pé àjẹṣẹ́kù ni. Nínú iná tó bá jẹ, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó ń bá ooru lọ. Àwọn tó ń sin adìyẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ooru yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń gbé gílóòbù 100 àti 200 wáàtì kọ́ sórí àwọn òròmọdìyẹ lóru, lọ́dọ̀ tiwọn kò ṣòfò rárá, ohun tí wọ́n sanwó fún nìyẹn. Àmọ́ nínú pálọ̀ yín, kò sí òròmọdìyẹ níbẹ̀.

LED ò ní wáyà kankan tó ń gbóná kó tó tàn. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan inú fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí iná bá ti gba inú ẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ á jáde tààrà. Pupa àti àwọ̀ ewé ti wà láti àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń tàn wíníwíní lára rédíò yẹn, àmọ́ a ò lè fi ìyẹn kàwé, torí kò sí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, láìsí búlúù kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí funfun. Àwọn ọmọ Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló yanjú ti búlúù yẹn, wọ́n sì fún wọn ní Nobel ti fisíìsì lọ́dún 2014 torí ẹ̀. Funfun tí ẹ ń rí nílé lónìí, búlúù ni lábẹ́, nǹkan yẹ́lò kan ni wọ́n fi bò ó lójú, àwọn méjèèjì wá para pọ̀ di funfun, ẹ fara balẹ̀ wo LED tí wọn ò tíì tàn, ẹ máa rí yẹ́lò yẹn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí owó, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Unit kan tí ẹ ń rà sórí mítà, 1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni. Ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá ń jẹ 1,000 wáàtì, tó bá fi wákàtí kan gbáko ṣiṣẹ́, unit kan ti lọ. Gílóòbù 60 wáàtì tí ẹ ń tàn fún wákàtí 6 lójúmọ́ á jẹ 360 wáàtì-wákàtí lóòjọ́, tó bá pé ọjọ́ 30 ó ti di unit 10.8. LED 9 wáàtì, wákàtí kan náà, ọjọ́ kan náà, unit 1.62. Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná tiwọn á máa wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ni NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó unit tiwọn dé 225 náírà lóṣù kẹrin ọdún 2024, ó sọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn àmọ́ kò kúrò lókè 200, ẹ jẹ́ ká kúkú fi 200 ṣe ìṣirò kó má baà fún wa ní orí fífọ́. Gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo, 2,160 náírà lóṣù, LED kan, 324 náírà. Tó bá jẹ́ 10 ló wà nínú ilé, tí gbogbo wọn sì ń tàn bẹ́ẹ̀, ó di 21,600 sí 3,240. Ẹni tó ní LED wọ́n jù lọ́jà, kó fi ìyàtọ̀ oṣù kan yìí wé owó tí wọ́n ń tà á.

Àmọ́ ẹ má wá sọ pé mo ní tí ẹ bá ti pààrọ̀ gílóòbù, unit ò ní tán mọ́ o. Iná títàn kọ́ ló ń jẹ unit jù nínú ilé tó ní AC, fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná àti áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì tó bá gba iná fún wákàtí kan, ohun tó jẹ yẹn tó LED 9 wáàtì tàn fún wákàtí 111, ìyẹn ọjọ́ 4 àti ààbọ̀ láìpa á. Nítorí náà ẹni tó ti ní LED káàkiri ilé, tó wá ń bá àwọn ọmọ jà nítorí gílóòbù kan tí wọ́n gbàgbé ní yàrá, tí AC sì ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí kò sí ẹnì kankan, ó ń lé eku sílẹ̀ kí ewúrẹ́ jẹ iṣu tán ni.

Ẹni tí ò sì ní mítà, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fojú bù ú fún un ní ìparí oṣù, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, torí bó lo LED bó lo 200 wáàtì, iye tí wọ́n bá kọ náà ni wọ́n máa gbé wá. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé kí ló kàn mí, n óò tàn án mọ́jú, mi ò sì lè bá wọn jiyàn. Ìgbà tí mítà bá dé nílé wọn ni ìṣirò òkè yẹn tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n, ẹni tó bá sì mọ̀ pé mítà ń bọ̀, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe irọ́? Torí irọ́ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹ máa rí LED tí wọ́n kọ "50W" gàdàgbà sí, owó táṣẹ́rẹ́, tí ẹ bá dé ilé ó rí bákan. Àwọn kan ń kọ wáàtì gílóòbù àtijọ́ tí LED yẹn fẹ́ rọ́pò, ìyẹn kì í ṣe irọ́ tí wọ́n bá ṣàlàyé ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń tà á á kàn ka nọ́ńbà tó tóbi jù fún yín ni. Ẹ wá lumen, ẹ wá wáàtì tòótọ́, kí ẹ fi wáàtì pín lumen. LED gidi lásán á fún yín ní nǹkan bí 80 sí 100 lumen lórí wáàtì kan, àwọn tó dáa gan-an ń kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá rí èyí tó ní 9 wáàtì lòun, tó wá kọ 2,000 lumen, tó sì tún jẹ́ pé òun ló pọ́ọ́kú jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ń fi yín ṣeré. Tí kò bá sì sí lumen lára páálí rárá, èmi ò ní rà á.

Mítà tó wà nílé yín náà lè jẹ́rìí. Ẹ wo ojú ẹ̀, ẹ máa rí iná pupa kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbì kan wọ́n á kọ nọ́ńbà kan àti "imp/kWh", ó lè jẹ́ 1000, ó lè jẹ́ 1600, iye ìgbà tí iná yẹn máa ṣẹ́jú kí unit kan tó tán nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ fíríìjì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ṣájà, kí ó ku gílóòbù tí ẹ fẹ́ dán wò nìkan. Lórí mítà tó jẹ́ 1000, gílóòbù 60 wáàtì á mú kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. LED 9 wáàtì, ẹ máa dúró tó ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 kó tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń sú èèyàn láti dúró tó bẹ́ẹ̀ níwájú mítà, ẹ tàn mẹ́rin márùn-ún pa pọ̀ kó lè yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mítà nílé tí ẹ ò tíì ṣe èyí rí, ẹ gbìyànjú ẹ̀, ó máa la ojú yín sí ọ̀pọ̀ nǹkan, kódà tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi rìmóòtù pa, ẹ máa rí i pé kò kú tán.

Ọ̀rọ̀ low current tún wà níbẹ̀, ẹ̀yin tí transformer yín ti dàgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Gílóòbù àtijọ́, tí iná bá sọ̀ láti 230 folti wá sí 160, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á já wá sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta péré, àmọ́ iná tó ń jẹ ò já tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń jẹ ju ìdajì lọ, ìyẹn ni pé ẹ ń sanwó ìdajì ẹ sì ń rí ìdá mẹ́ta, iná á rí pọ́n-ún-pọ̀n-ọ́n bí iná àtùpà. Ọ̀pọ̀ LED ni wọ́n ṣe kó lè ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 85 dé 265 folti, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀, irú ìyẹn ò ní mọ̀ pé iná sọ̀ rárá. Ẹni tó ń gbé àdúgbò tí iná ti ń lọ sókè sódò, kó wá nọ́ńbà yẹn kó tó sanwó, mo tiẹ̀ rò pé lọ́dọ̀ wa ó ṣe pàtàkì ju iye ọdún tí wọ́n ní ó máa lò lọ.

Ooru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún ní owó abẹ́nú kan. Gílóòbù àtijọ́ 10 tó jẹ́ 60 wáàtì, 600 wáàtì ni, gbogbo ẹ̀ ló sì máa di ooru nínú ilé nígbẹ̀yìn. Tí AC bá ń ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ yẹn, òun ló máa kó ooru yẹn síta, ó sì máa fẹ́ nǹkan bí 200 wáàtì mìíì láti kó o. Ẹ sanwó kí ilé gbóná, ẹ tún sanwó kó tutù. Nínú báńkì àti ọ́fíìsì ńláńlá tí AC ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, ohun tó ń mú kí pípààrọ̀ iná tètè san owó ara ẹ̀ padà nìyẹn.

Wàyí o, wáàtì nìkan kọ́. Wákàtí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ti fi LED sí gbogbo yàrá, wọ́n wá gbé security light 50 wáàtì márùn-ún sí ara ògiri, ó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, nígbà míì ó ń tàn dé ọ̀sán torí ẹni tó yẹ kó pa á ti lọ síbi iṣẹ́. Márùn-ún, 50 wáàtì, wákàtí 12, unit 3 lójúmọ́ nìyẹn, unit 90 lóṣù, 18,000 náírà lórí ìṣirò wa òkè yẹn. LED náà ni o! Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi photocell sí i, òun á máa tàn án tí ilẹ̀ bá ṣú, á máa pa á tí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní retí ẹnì kankan. Kó má ṣá gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yẹn fúnra ẹ̀ á ti máa bá a lójú, torí á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á pa á, ilẹ̀ á tún ṣú lójú ẹ̀, á tàn án, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe mọ́jú. Ẹ̀yìnkùlé àti ojú àtẹ̀gùn, níbi tí èèyàn kàn ń gbà kọjá, sensor tó ń mọ̀ tí èèyàn bá rìn ló bá ibẹ̀ mu jù, èmi sì rò pé olè máa ń bẹ̀rù iná tó ṣàdédé tàn ju èyí tó ti ń tàn láti àná lọ.

Àwọn kan á ní tí èèyàn bá ń tàn án tó ń pa á, iná tó máa jẹ nígbà tó bá fẹ́ tàn á ju èyí tó máa jẹ tó bá fi sílẹ̀ lọ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí wá láti ara fluorescent gígùn tó ní starter, ó máa ń fa iná díẹ̀ sí i lóòótọ́ nígbà tó bá ń gbìyànjú láti tàn, àmọ́ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan lọ, ẹ ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tí pípa tí ẹ pa á ti san èrè. Ibi tí òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ni pé títàn àti pípa lemọ́lemọ́ ń gé ẹ̀mí energy saver kúrú, nítorí náà tí ẹ bá máa padà wá kó tó pé ìṣẹ́jú 15, ẹ lè fi sílẹ̀. LED ò bìkítà, ẹ tàn án kẹ́ ẹ pa á bó ṣe wù yín.

Òmíì tí wọ́n tún máa ń sọ ni pé iná yẹ́lò ń jẹ unit kéré ju funfun lọ. Àwọ̀ lásán nìyẹn, nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ló ń sọ ọ́, 2700K tàbí 3000K jẹ́ yẹ́lò, 6500K jẹ́ funfun tó fẹ́ jọ búlúù, wáàtì ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ilé tuntun ni POP yìí. LED dín owó iná kù, a wá fi owó yẹn ra gílóòbù púpọ̀ sí i. Pálọ̀ kan ṣoṣo, panel light 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 wáàtì, LED strip yí etí POP ká, ṣàǹdẹ́líà láàárín, gbogbo ẹ̀ lórí súwíìṣì kan tàbí méjì. Panel light yẹn nìkan ti di 240 wáàtì, ìyẹn gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ pálọ̀ bàbá yín láyé àtijọ́ ò ní ju méjì lọ. Tí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná kó pín súwíìṣì yẹn, kí ẹ lè tan apá ibi tí ẹ jókòó sí nìkan, iye wáyà tó máa lé lórí ẹ̀ ò tó nǹkan nígbà tí ògiri ṣì wà níhòòhò, tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán ni ọ̀rọ̀ di ìṣòro. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí súwíìṣì kan ń tan gbogbo gbọ̀ngàn nítorí èèyàn mẹ́ta tó wá ń ṣe àdúrà lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ tiwọn náà nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló nílò ìmọ́lẹ̀ kan náà. Nílẹ̀ Yúróòpù, ìlànà wọn fún tábìlì tí wọ́n ti ń kàwé nínú ọ́fíìsì jẹ́ 500 lux, fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kàn ń gbà kọjá 100 péré. Lux ni bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ibì kan ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ni lumen tí wọ́n pín sórí bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ tó ń kàwé lálẹ́, dípò kí ẹ tan àjà yàrá kó mọ́lẹ̀ gbòò, iná kékeré 5 wáàtì lórí tábìlì ẹ̀ á fún ìwé yẹn ní ìmọ́lẹ̀ ju 20 wáàtì tó wà lókè lọ, torí ó sún mọ́ ọn.

Ọ̀dà náà wà níbẹ̀. Ògiri funfun ń dá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, àwọn àwọ̀ tó dúdú ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Eruku ọyẹ́ tó bò gílóòbù náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nígbà tó bá tutù, tí ẹ sì ti pa iná.

Iná tó rọ̀ jù ni oòrùn, àmọ́ bí a ṣe ń kọ́lé báyìí, ó dà bí ẹni pé a ń sá fún un. Agboolé àtijọ́ tiwa ní àgbàlá láàárín, òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo yàrá ló ń rí ìmọ́lẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ilé tí wọ́n kọ́ sí Pópó Àgùdà ní fèrèsé gíga gíga pẹ̀lú pákó tí wọ́n lè ṣí tí wọ́n lè pa. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn la wá gbé face-me-I-face-you kalẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín yàrá mẹ́wàá, ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí fèrèsé, gílóòbù ń tàn níbẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán, àwọn ayálégbé sì ń jà lórí ta ló máa san owó ẹ̀. Tí landlọ́ọ̀dù bá lè fi páànù kan tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé rọ́pò ẹyọ kan nínú páànù òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìjà tán. Ní Brazil lọ́hùn-ún, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Alfredo Moser, nílùú Uberaba, ronú kan èyí tó tún rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 2002 nígbà tí iná kò dúró níbẹ̀: ó gbé ike omi onílítà méjì, rọ omi sí i pẹ̀lú bleach díẹ̀ kó má baà hu èéhù, ó dá páànù lu, ó ki ike náà bọ̀ ọ́ kí ìdajì ẹ̀ wà lókè ìdajì wà nísàlẹ̀, ó lẹ etí ẹ̀ kí òjò má baà wọlé. Oòrùn á gba inú omi wọlé, á tàn káàkiri yàrá, wọ́n fi wé gílóòbù àtijọ́ 40 sí 60 wáàtì. Ọ̀sán nìkan ló wà fún, ṣọ́ọ̀bù onípáànù àti stóò ló yẹ jù, kì í ṣe ilé tó ní àjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo inverter, ọ̀dọ̀ yín ni LED ti wúlò jù. Bátìrì 12 folti, 200Ah, kó 2,400 wáàtì-wákàtí sínú, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi asíìdì ṣe, ìdajì ẹ̀ ló dáa kẹ́ ẹ lò kó lè pẹ́, ó ku 1,200. Gílóòbù àtijọ́ 10 á gbé e mì ní wákàtí méjì. LED 9 wáàtì 10 á lo nǹkan bí wákàtí 13 lórí ẹ̀, ẹ sun ẹ jí.

Jẹnẹrétọ̀ ni ìṣirò yẹn ti dàrú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ní epo tó ń jẹ láti kàn máa yí, bóyá ẹ so nǹkan mọ́ ọn tàbí ẹ ò so. Tí ẹ bá dín iná ilé kù láti 600 wáàtì sí 90, epo á dín kù díẹ̀, kò ní dín kù sí ìdá mẹ́fà láéláé. Títan jẹnẹrétọ̀ odidi nítorí gílóòbù mẹ́ta, èmi ò mọ ọ̀nà tó wọ́n ju ìyẹn lọ láti rí ìmọ́lẹ̀ lálẹ́. Tan án fún wákàtí tí o fẹ́ fi pọnmi, tí o fẹ́ fi lọṣọ, kí gílóòbù rechargeable máa gba iná lásìkò yẹn, tí o bá wá pa á, àwọn gílóòbù yẹn á gbé alẹ́ dé ibi tó máa lè gbé e dé.

Energy saver tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ó pọ̀ nígboro nígbà kan, kódà Cuba, tó ti pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ láti ilé dé ilé ní orílẹ̀-èdè tiwọn láàárín 2005 sí 2006, bá ECOWAS àti Energy Commission of Nigeria ṣe é tí wọ́n fi pín mílíọ̀nù kan ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò burú, àmọ́ mákúrì wà nínú ẹ̀, kò ju mílígíráàmù bíi mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fà símú. Tó bá fọ́, kí àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi AC sílẹ̀ ní pípa, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a torí á fọ́n ọn káàkiri, páálí líle lẹ fi máa kó o, kẹ́ ẹ fi sẹlotéèpù mú èyí tó kù, kẹ́ ẹ dì í sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má ju èyí tó ti kú sínú ààtàn tí wọ́n máa dáná sun.

Fluorescent gígùn náà, tí ẹ bá fẹ́ fi LED tube rọ́pò ẹ̀, ẹ bi ẹni tó tà á bóyá choke, ìyẹn ohun tó ń ṣèwọ̀n iná tó ń wọ inú fluorescent, máa kúrò tàbí kò ní kúrò, torí choke tó bá ṣì wà níbẹ̀ á máa jẹ iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tube kan ò sì gbọdọ̀ bá a pàdé rárá.

Èyí tí wọ́n máa ń bi mí jù wá ni ti LED tó ń tàn fìrì lóru lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, tàbí tó ń ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ará ilé á ní nǹkan míì ló ń ṣe é. Kò sí nǹkan míì. LED ò fẹ́ iná púpọ̀ kó tó tàn, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tó ń jò gba inú wáyà ti tó fún un, gílóòbù àtijọ́ ń rí irú ẹ̀ lójoojúmọ́, kò lè tan òun ni. Ó lè jẹ́ pé súwíìṣì yẹn ní iná kékeré tó ń tàn lójú ẹ̀ tí ẹ fi ń rí i nínú òkùnkùn, iná kékeré yẹn ló ń gba inú gílóòbù yín kọjá, kò léwu, unit tó ń jẹ ò tó sọ. Tí súwíìṣì yín ò bá ní irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó fi tester wò ó, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wáyà ilé yẹn ti gbé neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, gba inú súwíìṣì dípò live, wáyà tó ń gbé iná wá, tó túmọ̀ sí pé bí ẹ tiẹ̀ pa súwíìṣì, iná ṣì ń dúró de ìka yín nínú hódà gílóòbù. Títí dìgbà tó máa fi tún un ṣe, breaker ni kẹ́ ẹ máa pa kí ẹ tó gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù kankan nínú ilé yẹn.